Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Kì Í Rí Bọ́ọ̀lù

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn ìránṣẹ́ yẹn fún mi ni bàbá ọlọ́dẹ ilé-ìwé wa, àgbàlagbà ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tó ti gbé ìlú Bìní pẹ́ débi pé bí inú bá ń bí i, èdè Bìní ló fi ń jà, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gbàdúrà, á padà sí Yorùbá. Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì la jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, nítorí ìtàn náà ló kó mi sí gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀.

Ó ní ọ̀gá kan wà nígbà kan ní ọ́fíìsì ìjọba, tó fẹ́ràn tẹ́níìsì ju oúnjẹ lọ, tí kò sì rí ẹni bá a gbá a. Ló bá kọ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ìránṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n gbá ju ọ̀gá lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Bí ọ̀gá bá gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ìránṣẹ́ á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Bí ọ̀gá bá sín, á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó lè kí i. Bí ó bá rí i pé bọ́ọ̀lù tòun fẹ́ dára jù, á yára dẹ ọwọ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń gbá a, ìránṣẹ́ ò jẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ní, "Àbúrò, lónìí yìí, gbá a bó o ṣe mọ̀ ọ́n gbá." Ìránṣẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó fún un ní ẹyọ kan. Ọ̀gá ò rí i. Ìgbà tó kan wáyà lẹ́yìn rẹ̀ ló tó gbọ́ ìró. Nígbà tí ìránṣẹ́ rí ohun tí ọwọ́ òun ṣe, ó ju rákẹ́ẹ̀tì nù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Dìde, jẹ́ ká máa gbá a lọ."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Mo ní dìde!"

"Ẹ ṣàánú mi, sà."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú bá wọn. Ọ̀gá lọ sí ìlú rẹ̀, ìránṣẹ́ padà sídìí iṣẹ́.

"Tíṣà," ni bàbá sọ fún mi, "ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í rí bọ́ọ̀lù."

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ ìránṣẹ́ náà. Ó ní, "Ibì kan náà la jọ ṣiṣẹ́." Ó dìde, ó lọ ṣí géètì fún ọkọ̀ tí kò tíì dé.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kan èmi, tíṣà Jọ́gíráfì, pẹ̀lú tẹ́níìsì. Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá gbaṣẹ́ ní Bìní, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ká kọ eré ìdárayá tí a fẹ́ràn. Èmi ò fẹ́ràn ìkankan. Mo yọjú wo fọ́ọ̀mù ẹni tó jókòó tì mí, ó kọ tẹ́níìsì, èmi náà kọ tẹ́níìsì. Ogún ọdún ó lé ni fọ́ọ̀mù yẹn fi sùn nínú fáìlì. Nígbà tí tíṣà eré ìdárayá wa rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, Màdáámú ọ̀gá ilé-ìwé ní kí wọ́n yẹ fáìlì gbogbo wa wò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti àpò bọ́ọ̀lù kan lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, èmi tí mo máa ń na àwọn ọmọ nítorí irú ẹ̀?

Pápá tẹ́níìsì náà ò ju sìmẹ́ńtì kan lọ ní ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀, ògiri wà lápá kan rẹ̀, wáyà lápá kejì. Àwọ̀n rẹ̀ ti já, ìyẹn ni mo fi lọ ra okùn lọ́jà Òlíhà, irú èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́, tí a fi dì í mú. Ẹ̀yìn ògiri ni ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì àdúgbò Uselu wà. Wọ́n ní òkú bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ tí kò rìn mọ́, orí rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wò wá bí iṣẹ́ bá dín. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá fo ògiri, ó dọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá jù ú padà, á ti dúdú, á máa rùn bí epo ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì fi ìmọ̀ràn tẹ̀ lé e.

Èmi ò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan tí Màdáámú fi ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Bìní ni, obìnrin gíga tí kì í pariwo, èyí tó burú ju kó pariwo lọ. Ó gbé lẹ́tà kan síwájú mi. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ títì làwọn ń gbé ọkọ̀ sí bí àwọn bá wá sípàdé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ń fi irin họ ọkọ̀ àwọn bí ẹni ń họ iṣu. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì kan wà lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò lò. Kí wọ́n jẹ́ káwọn máa gbé ọkọ̀ síbẹ̀.

Màdáámú ní, "Tíṣà, èmi ò bá tẹ́níìsì jà. Ṣùgbọ́n bí n ò bá rí nǹkan fi hàn wọ́n, mi ò lè gbèjà sìmẹ́ńtì lásán. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, mú ọmọ méjì wá. Kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kọjá àwọ̀n nígbà ogún láìjẹ́ kó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lè gbìyànjú ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, pápá di tiyín. Bí wọn ò bá ṣe é, kí n má gbọ́ ọ mọ́."

Mo tọ bàbá ọlọ́dẹ lọ. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó yí i wò, ó fi àtàǹpàkò ta okùn rẹ̀, ó dá a padà fún mi. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó ń fi ẹnu kọ́ mi, èmi náà ń lọ fi kọ́ àwọn ọmọ. Bí mo ṣe di kóòṣì nìyẹn.

Ọmọ mẹ́jọ ló yọjú. Mẹ́rin di rákẹ́ẹ̀tì mú, mẹ́rin yòókù di pákó tí káfíńtà bá wa gé. Sáàfù la fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń ṣí eré. Mo ní kí wọ́n sọ bọ́ọ̀lù sókè kí wọ́n sì gbá a. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó dé ọjà Ekiosa. Òmíràn sọ tirẹ̀, kò rí i mọ́, ó ń wo ọ̀run títí bọ́ọ̀lù fi bọ́ lé e lórí. Mo padà lọ bá bàbá.

"Ta ló ní kí wọ́n jù ú? Kí wọ́n gbé e. Àwo ẹyin lo fẹ́ gbé lé orí pẹpẹ, pẹpẹ náà sì ga. Ṣé wàá ju àwo ẹyin ni?"

"Rárá, bàbá."

"Gbé e lé pẹpẹ. Kí ọwọ́ kejì wá gún un bí iyán. Odó ló wà lókè yẹn."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Nínú wọn ni ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni ìyá rẹ̀, ìyá àgbà rẹ̀ sì ti Èkìtì wá bá wọn gbé. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí síhìn-ín. Ìyá àgbà yìí ò gbà kí ẹ̀rọ gún iyán nílé òun. Ọmọ yìí ló ń gún un. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ odó, ojú rẹ̀ là. Ó gbé bọ́ọ̀lù lé pẹpẹ, ó na ọwọ́, ó gún un. Bọ́ọ̀lù fo àwọ̀n, ó fo ògiri, a gbọ́ ọ lára òkú bọ́ọ̀sì, gbàùn!

"Who dey stone us?" ni mẹkáníìkì kan kígbe.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ògiri ni ò jẹ́ kí wọ́n rí i, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. "Sorry o! Abeg, sorry sir!"

Ọjọ́ yẹn ni nǹkan ṣe mí. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ odò tí èmi fúnra mi ò rí rí. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ padà nínú ìdánwò, wọ́n á gbàgbé. Ṣùgbọ́n lójú mi báyìí, ọ̀rọ̀ kan kúrò lẹ́nu mi, ó wọ apá ọmọ, ó di gbàùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ pápá yẹn bí ẹni fẹ́ ilẹ̀ baba rẹ̀.

Sáàfù yé wọn. Ohun tí kò yé wọn ni gbá-fún-mi-kí-n-gbá-fún-ọ. Kì í ṣe pé wọn ò lè ṣe é. Ìwà ló ń pa wọ́n. Ẹnìkejì ọmọbìnrin yìí ni ọmọkùnrin Bìní kan, gíga, tínrín, ẹlẹ́rìn-ín ni. Bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, gbogbo oríkèé ara rẹ̀ á tú sílẹ̀, kò ní lè di rákẹ́ẹ̀tì mú. Àwọn méjì yìí ló dára jù, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a:

"Ah, sorry, I hit am too hard."

"No, na me. Na me no reach am."

"You sure say e no wound you?"

Bọ́ọ̀lù á ti yí lọ sábẹ́ igi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èmi bá bọ́ sórí pápá láti bá wọn gbá a, ó tún burú. Wọ́n á rọra gbé bọ́ọ̀lù fún mi bí ẹni ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún àlejò. Bí mo bá tàsé, ọmọbìnrin yìí á kúnlẹ̀. Bí olùkọ́ mìíràn bá ń kọjá lọ sí ṣálángá, á kúnlẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ yó.

Mo rántí ìránṣẹ́ ọdún mọ́kànlá. Mo fọn fèrè, mo kó gbogbo wọn jọ. Mo ní, "Lórí sìmẹ́ńtì yìí, kò sí àgbà. Kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí ìkíni, kò sí sọ́rì. Bọ́ọ̀lù ò mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, á sá yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹwàá."

Ọmọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ọ̀dọ̀ géètì, mo rò pé bàbá ọlọ́dẹ á mi orí sí mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Òfin mi ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan a dé mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kejì a dé mẹ́tàlá. Àwọn mẹkáníìkì ń bá wa kà á lórí bọ́ọ̀sì, òmíràn nínú wọn ti fi ẹ́ńjìnnì oníbàárà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan a dé mọ́kàndínlógún, bọ́ọ̀lù wá kan okùn ewúrẹ́, ó jókòó lórí rẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń ronú, ó padà sí ẹ̀yìn. Ọmọbìnrin yẹn sunkún. Èmi náà wá ibì kan lọ dúró sí. A ò dé ogún rí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìpàdé òbí pé nígbà tí ọmọ náà wá bá mi ní kíláàsì.

"Sà, my grandma say make I tell you say she dey come greet you."

"Kí ló dé?"

Ó yí ẹsẹ̀ pọ̀. Ó ní òun délé lánàá, rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ìyá àgbà jókòó ní pálọ̀, òun dúró gbagidi, òun ní, "Good evening, ma." Ìyá àgbà bi òun pé ṣé orúnkún ń dun òun ni. Òun ní rárá o, "Coach say make we no dey kneel again."

"Orí sìmẹ́ńtì ni mo sọ!"

"I forget that part, sà."

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bí ìyá Èkìtì bá ní òun ń bọ̀ wá kí ọ, kì í ṣe kíkí. Mo tọ bàbá ọlọ́dẹ lọ.

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í rí bọ́ọ̀lù!"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. "Ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ rí ni, àbí ojúure?"

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àwọn òbí jókòó yí pápá po lórí àga oníke. Alága wọn, ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó, tí kẹ̀kẹ́ ti họ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ti fi ẹsẹ̀ wọn pápá. Mo rí i. Ó ń sọ fún ẹnìkan pé ọkọ̀ méjìlá á gbà á dáadáa. Màdáámú gbé àga síbi àwọ̀n gan-an, ó ní òun fúnra òun ló máa kà á, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n ṣe màgòmágó. Mo wo gbogbo ojú obìnrin tó wà níbẹ̀, n kò rí ìyá àgbà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin yẹn ló ṣe sáàfù. Inú àwọ̀n ló lọ. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà kejì, wọ́n dé mẹ́jọ, bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ibi tí sìmẹ́ńtì ti sán, ó yà sápá òsì bí ẹni rántí nǹkan nílé. Ó kú. Lórí òkú bọ́ọ̀sì, àwọn mẹkáníìkì sorí kọ́. Ọ̀kan kígbe pé, "Coach, talk to them na!" Mo kàn gbé ọwọ́ sókè bí ẹni gbé àwo ẹyin. Wọ́n rí i.

Ìgbà kẹta, ìgbà ìkẹyìn. Ọmọkùnrin gbé e lé pẹpẹ, ó gún un. Màdáámú kà á: ọ̀kan. Ọmọbìnrin dá a padà: èjì. Àwọn òbí kan ti ń bá a gbè é. Wọ́n kọjá mẹ́jọ. Wọ́n kọjá mẹ́wàá. Kò sí sọ́rì, kò sí pẹ̀lẹ́. Mẹ́tàlá. Mẹ́rìnlá.

Géètì dún. Obìnrin arúgbó kan wọlé, gèlè rẹ̀ le bí ìpinnu, bàbá ọlọ́dẹ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú àga. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó la àárín àwọn òbí kọjá, ó dúró sẹ́yìn ọmọkùnrin Bìní yẹn, tó fi jẹ́ pé òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọjú síra wọn. Ó pe ọmọ náà ní oríkì.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Màdáámú kà.

Mo rí orúnkún ọmọ náà tó ń tẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ara tèmi náà ti dáhùn. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, imú mi kan ilẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí ni mo fi gbọ́ ọ. Àwọn tó dúró ló wá kún un fún mi.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Nínú ilé wọn, bí o bá kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, o ò gbọdọ̀ dìde títí á fi gbàdúrà fún ọ tán. Ìyá àgbà là ẹnu.

"Wàá dàgbà."

"Àmín!" Pá! Orí orúnkún ló ti gbá a.

Láti òdìkejì: pá!

"Wàá gbó, wàá tọ́."

"Àmín!" Pá!

Ohùn àmín ti ń pọ̀. Àwọn òbí ń ṣe é. Àwọn orí bọ́ọ̀sì ń ṣe é, "Amen!" Ta ló máa gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣe àmín? Láti òdìkejì: pá!

"Ojú ò ní tì ọ́."

"Àmín!" Pá!

"Wàá fẹ́ ọkọ rere!"

Kí ọmọ tó ṣe àmín, mẹkáníìkì kan ti ké láti orí bọ́ọ̀sì pé, "Husband don dey court already!" Gbogbo ojú yí sí ọmọkùnrin Bìní yẹn. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀ràn rẹ̀ àti ẹ̀rín. Mo gbọ́ rákẹ́ẹ̀tì tó já bọ́. Mo gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ń ta pọ́n, pọ́n, pọ́n lọ sẹ́yìn.

"Mélòó ni?" ni alága bèèrè.

Mo gbé orí sókè díẹ̀. Ojú Màdáámú dàbí ti ẹni tó sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ wá pè é.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kà," ló sọ. "Lẹ́yìn náà, mo ń ṣe àmín."

"Twenty-six!" ni wọ́n kígbe láti orí bọ́ọ̀sì.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èmi náà gbọ́," ni alága wí. "Ohun tí a ò kà, kò sí. Kóòṣì, ìwọ tó o kọ́ wọn, mélòó lo rí?"

Mo ṣì wà nílẹ̀. Gbogbo ayé ń wò mí. Mo fẹ́ ní ogún. Ọlọ́run rí mi, ó ti dé ètè mi. Mo ní, "Mi ò rí i, sà. Mo dọ̀bálẹ̀ ni." Mo gbọ́ tí bàbá ọlọ́dẹ wúkọ́ lẹ́yìn.

Mo wá rántí nǹkan kan. Mo kọjú sí ìyá àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà mélòó lẹ gbà kí ẹ tó dé ọ̀rọ̀ ọkọ?"

"Ta ló ń ka àdúrà? Ṣé o fẹ́ kó dín ni?"

Ọmọ náà ló gbà mí. Orí orúnkún ló ṣì wà, a ò tíì ní kó dìde. Ó ń mí hẹlẹ. Ó ṣí ẹnu, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ó ń tì í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbé òkúta: "Wàá dàgbà. Wàá gbó, wàá tọ́. Ojú ò ní tì ọ́. Wàá fẹ́ ọkọ rere. Every morning, sà. E no dey change. I knock one ball for each amen."

Mo fi bírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Àmín kìíní, mẹ́rìndínlógún. Ọmọkùnrin dá a padà, mẹ́tàdínlógún. Àmín kejì, méjìdínlógún. Ó dá a padà. Àmín kẹta…

"Ẹ dúró," ni alága wí. "Ta ló mọ̀ pé àmín mẹ́ta ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé ti ọkọ?"

Ìyá àgbà yí sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò ṣe àmín ni?"

"Mo ṣe é, mà."

"Pẹ̀lú èyí tí mo fi parí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣe é?"

Alága wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ẹ ò lè parọ́ àmín. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin, mà. Mo ní ọmọbìnrin mẹ́ta nílé, mà, ti ọkọ yẹn gan-an ni mo ṣe jù."

Ẹ̀rín bú. Màdáámú dìde, ó na aṣọ rẹ̀. "Ogún," ló wí. "Ẹ máa gbé ọkọ̀ yín síta."

Ariwo tí àwọn mẹkáníìkì pa, bí òkú bọ́ọ̀sì yẹn bá ní ẹ̀mí díẹ̀ nínú, á ti gbéra. Ìyá àgbà ní kí ọmọ dìde. Lẹ́yìn náà ló wá dúró sí orí mi.

"Ìwọ ni tíṣà tó ní kí ọmọ mi má kúnlẹ̀?"

"Ẹ forí jì mí, mà."

"Dìde."

"Ẹ ṣàánú mi, mà."

"Mo ní dìde, àwọn ọmọ ń wò ọ́." Mo dìde. Ó gbọn eruku kúrò ní èjìká mi, ọwọ́ rẹ̀ le. "Ìkúnlẹ̀ tó o ní ó ń dí i lọ́wọ́, ṣé o ti wá rí i báyìí?"

"Mo rí i, mà."

"Irọ́ lò ń pa. O dojú bolẹ̀. Kí lo rí?"

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, mo ń ṣa bọ́ọ̀lù jọ lórí pápá wa. Mo ní pápá wa. Oòrùn ti rọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Bàbá ọlọ́dẹ ni. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti ká sòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó na ọwọ́, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì kan fún un. Ó fi ojú ní kí n lọ sí òdìkejì.

Ó dúró sí ẹ̀yìn ìlà. Ó gbé bọ́ọ̀lù lé pẹpẹ, rọra, bí ẹni tó mọ pẹpẹ náà láti ọjọ́ pípẹ́, tó mọ ibi tí pákó rẹ̀ ti yẹ̀. Apá rẹ̀ nà, gbogbo ara àgbàlagbà yẹn gùn bí ti ọmọ ogún ọdún, ó gún un. N kò lè gbé ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ mi létí. Wáyà ẹ̀yìn mi dún gbinrin.

Bàbá ò dọ̀bálẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó ń mí. N kò bi í léèrè ìránṣẹ́ kankan.

"Tíṣà," ló pè, "ṣé ó wọlé?"

Lọ́tẹ̀ yìí, orí ìdúró ni mo wà, ojú mi sì là kedere. Bọ́ọ̀lù fi àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá ìlà, ìta ló bọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ mi láti òwúrọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni bàbá bi, kí lẹ máa wí fún un?